Ìyá fúnra ẹ̀, ìyá àgbà, nánì, lẹ́sìnnì tíṣà àbí fóònù: èwo lẹ máa fi kọ́ ọmọ yín nílé ní Àbújá kó tó wọ jẹ́lésinmi?

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Lugbe pè mí lálẹ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan àtoṣù mẹ́jọ, ó ní "Àǹtí mi, ẹ gbà mí o, ìyàwó mi ò jẹ́ n sùn." Ó ní ọmọ kan wà nínú ẹsítéètì àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ àwọn, ìyẹn ti ń ka ABC dé ìparí, tàwọn ò tíì ní ju ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́nu, ṣé káwọn gba lẹ́sìnnì tíṣà ni, àbí káwọn ra táblẹ́ẹ̀tì, àbí káwọn lọ gbé màmá wá láti Ìkìrun. A sọ̀rọ̀ títí fóònù ẹ̀ fi kú torí wọn ò tíì mú iná wá láti àárọ̀. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù kalẹ̀ ni mo rí i pé kì í ṣe òun nìkan, gbogbo àwa Yorùbá tá a wà lókè níbí, Kubwa o, Nyanya o, Mararaba o, títí dé Kaduna, ohun tó ń dààmú wa nìyí. Nílé lọ́hùn-ún ọmọ ọdún méjì wà láàárín agbo ilé, ẹni tó bá kọjá á kí i, á bi í pé kí ló jẹ, á pa á lẹ́rìn-ín. Níbí, tá a bá ti ti géètì pa láàárọ̀, ọmọ àti ẹni tá a fi í sílẹ̀ fún ló kù nínú ilé, àti tẹlifíṣọ̀n.

Ọmọ méjì ni mo ní, àkọ́kọ́ ti pé ọdún méje, èkejì máa pé mẹ́ta láìpẹ́. Láàárín àwọn méjèèjì kò fẹ́ẹ̀ sí èyí tá ò tíì gbìyànjú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó yan ohunkóhun

Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta, ABC kọ́ ló ń kọ́. Ohun tó ń kọ́ ni pé gbogbo nǹkan ló lórúkọ, pé tóun bá sọ̀rọ̀ ẹnì kan á dá òun lóhùn, pé ọwọ́ òun lè ṣí ọmọrí ìkòkò kó sì dé e padà, pé ìtọ̀ ti fẹ́ máa bọ̀ kóun tètè sọ, pé ọmọ kejì náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tóun dì mọ́yà. Ọmọ tó bá gbé èyí dé jẹ́lésinmi, tíṣà ibẹ̀ á rí nǹkan bá a ṣe. Èyí tó bá ń ka ABC bí ẹyẹ ayékòótọ́ àmọ́ tí kò lè sọ pé inú ń run òun, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà kan jáde ní 2019 lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní ọmọ ọdún kan sí méjì gbọ́dọ̀ sùn wákàtí 11 sí 14 lójúmọ́, oorun ọ̀sán wà níbẹ̀, kó sì máa sáré kó máa fò kó máa gun nǹkan fún ìṣẹ́jú 180 ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá yọ oorun kúrò nínú wákàtí 24, ó ku bíi 10 sí 13 tójú ẹ̀ là. Ìbéèrè gidi tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín nìyí: ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ yìí nínú wákàtí yẹn, kí lẹni náà sì ń bá a sọ? Kì í ṣe irú ìwé wo lẹ rà.

Nǹkan márùn-ún ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀: ṣé ẹnì kan ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, tó sì ń dúró gbọ́ èsì ẹ̀? Èyí ló wúwo jù lójú mi, ó wúwo ju mẹ́rin yòókù lọ. Ìkejì, ṣé ohun tẹ́ ẹ yàn máa wà níbẹ̀ lọ́la àti lọ́túnla, àbí tí NEPA bá mú iná lọ tàbí tẹ́ni yẹn bá bínú lọ, ó parí nìyẹn? Ìkẹta owó, àti owó tí kì í hàn lójú níbẹ̀rẹ̀. Ìkẹrin ààbò. Ìkarùn-ún èdè, torí a ò sí nílẹ̀ Yorùbá, tí ilé ò bá fún ọmọ ní Yorùbá, kò síbòmíì tó ti máa rí i ní Àbújá yìí.

Ẹ̀rí kan wà lórí àkọ́kọ́ yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Ní 2003 àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe Gẹ̀ẹ́sì rí, wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ń sọ èdè Ṣáínà bá àwọn kan ṣeré kó sì kàwé fún wọn lójúkojú, nígbà méjìlá péré. Àwọn ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ìró èdè yẹn mọ̀ yàtọ̀. Wọ́n wá fi ẹni kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, han àwọn ọmọ mìíì lórí fídíò. Wọn ò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ojú tó ń wo ọmọ, tó ń rẹ́rìn-ín sí i, òun ló ń ṣílẹ̀kùn etí ọmọ.

Ìyá tàbí bàbá fúnra ẹ̀

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á sọ pé "èmi ò kọ́ṣẹ́ tíṣà o". Kò béèrè iṣẹ́ tíṣà. Nílùú Kingston ní Jamaica, láti 1986 sí 1987, wọ́n mú àwọn ọmọ 129 tí ara wọn ò dàgbà tó nítorí àìjẹunkánú, wọ́n wá ń rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò sílé ìdajì lára wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí kan péré, fún ọdún méjì, láti máa fi han ìyá bó ṣe lè bá ọmọ ẹ̀ ṣeré kó sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ike òfìfo àti páálí tí wọ́n kó jọ ni wọ́n fi ṣe ohun ìṣeré. Nígbà tí wọ́n padà wá wò wọ́n ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò yẹn ń gba owó tó fi ìdá 25 nínú 100 ju tàwọn tí wọn ò bẹ̀ wò lọ. Àwọn ìyá yẹn ò lówó o. Wọn ò kàwé rẹpẹtẹ. Tí wọ́n bá lè ṣe é, àwa náà lè ṣe é.

Báwo lèmi ṣe ń ṣe é? Tí mo bá ti ọjà Kubwa dé, màá da tòmátì, tàtàsé àti àlùbọ́sà pọ̀ sínú ọpọ́n ńlá, màá gbé abọ́ mẹ́ta síwájú ẹ̀, "Bá mi kó àlùbọ́sà síbí." Ó máa ń ṣì í. Màá mú un, màá ní "Àá, èyí pupa, tòmátì ni, àlùbọ́sà dà?" Ó máa wá a kiri, á mú un, á gbé e sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Nígbà tá a bá ń ká aṣọ, "ti dádì dà? ti bùọ̀dá dà? ìbọ̀sẹ̀ kejì ńkọ́?" Nínú ìwẹ̀, kọ́ọ̀pù ńlá àti kọ́ọ̀pù kékeré, ó ń da omi láti ọ̀kan sí ìkejì, ó ń rí i pé ti ńlá kò lè wọ inú ti kékeré tán. Tá a bá ń gòkè lórí àtẹ̀gùn, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Tí mẹ́í rúwà, Háúsá tó ń ta omi, bá ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kọjá, a máa ka kẹ́ẹ̀gì tó wà lórí ẹ̀, a sì máa kí i, "sannu", òun náà á dáhùn, inú ọmọ á dùn. Tí iná ò bá sí lálẹ́, ìgbà àlọ́ nìyẹn, ìjàpá ò sì nílò NEPA.

Ohun tó ṣòro jù fún mi láti kọ́ nínú gbogbo ẹ̀ ni dídúró. Àwa àgbà a máa bi ọmọ ní ìbéèrè, ká tó mí èémí kan a ti dáhùn fún un. Ọmọ ọdún méjì ń wá ọ̀rọ̀ lórí bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì ńlá. Mo ń ka ení dé àrún nínú mi báyìí kí n tó ràn án lọ́wọ́, ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu tí mi ò jẹ́ kó sọ.

Montessori tí orúkọ ẹ̀ pọ̀ lára pátákó sùkúù káàkiri Àbújá yìí, dókítà obìnrin ará Ítálì ni, ó ṣí ilé àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ ẹ̀ ní Róòmù ní 1907, ohun tó sì fún àwọn ọmọ náà ṣe ni kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n bu omi, kí wọ́n dé bọ́tìnnì, kí wọ́n tọ́jú tábìlì. Èyí tó wà nílé yín tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni.

Owó ẹ̀ ò tó nǹkan, agbára ló ń jẹ. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń kúrò ní Mararaba ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí kí hólọ́ọ̀pù Nyanya tó bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ sì ń wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá yín lẹ́bi, ẹ ò lè gbé wákàtí mẹ́wàá kalẹ̀. Àmọ́ ìwẹ̀ alẹ́ tiyín ni, oúnjẹ alẹ́ tiyín ni, Sátidé àti Sọ́ńdè tiyín ni. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú ogún lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, kí fóònù wà nínú yàrá kejì. Ọkọ mi ló kọ́ èkejì wa ní orúkọ gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì, ó mọ tírélà kó tó mọ ìrẹsì.

Lórí ààbò, omi. A ń tọ́jú omi sínú dúrọ́ọ̀mù àti bókẹ́ẹ̀tì níbí, ọmọ tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn lè dorí kodò sínú bókẹ́ẹ̀tì tí omi ẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀. Ẹ dé e, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ìwẹ̀. Ẹ sì má fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà ṣeré fún un, imú ló máa ti ẹ̀wà bọ̀, ẹ̀pà sì lè há a lọ́fun.

Ìyá àgbà

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè nìkan, kò sẹ́ni tó máa bá màmá du ipò. Ìyá ọkọ mi lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wa nígbà tí èkejì pé ọdún kan ààbọ̀. Láàárọ̀ kùtù, kó tó gbé e sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á ti fi oríkì kí i, "Àjàní, Àjàní ọkọ mi." Ọmọ á dákẹ́ á máa wò ó lẹ́nu. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń sọ ohun tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe é, "mò ń bu omi báyìí, màá fi fọ ewédú, ewé ni o, wo ó, ó tutù." Kò mọ̀ pé ohun táwọn onímọ̀ ń sọ kiri nìyẹn. Kó tó padà sílé, ọmọ ti ń so ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta pọ̀.

Ẹ̀rù máa ń ba ẹlòmíì pé Yorùbá máa dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kì í dí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn sáwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, Gẹ̀ẹ́sì gan-an alára wọn ò rẹ̀yìn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbọ́ èdè méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kì í mú kí ọmọ pẹ́ sọ̀rọ̀, Yorùbá nínú ilé, Háúsá lẹ́nu mẹ́gáàdì, Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí ọmọ gbà á. Ìdí mìíì tún wà báyìí. Ní oṣù kọkànlá 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde níbí ní Àbújá pé àwọn ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láwọn ọdún àkọ́kọ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ dókè. Sùkúù máa fún ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nílé ni àǹfààní tẹ́ ẹ ní láti fún un ní tiwa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ lórí owó. Màmá kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó mọ́tò láti ìlú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gbọ́dọ̀ já lọ́jọ́ kan, oúnjẹ tó yàtọ̀, àti pé kẹ́ ẹ máa fi nǹkan kékeré ránṣẹ́ sáwọn tó fi sílẹ̀ nílé. Èyí tá a kì í ka sí ni ìdánìkanwà. Ẹni tó ń kí ogún èèyàn kó tó jẹun àárọ̀ nílé, ẹ gbé e wá sínú flat ní Gwarinpa, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ọyẹ́ sì ń mú un ní oṣù kejìlá. Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní oṣù kẹta. A wá ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn ní Yorùbá fún un, ìyẹn ló jẹ́ kó lè lo oṣù kan sí i. Eékún ẹ̀ náà ò lè bá ọmọ sáré, torí náà ìṣẹ́jú 180 yẹn, ẹlòmíì ló máa bá a ṣe é. Ẹ tún bá màmá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nípa tìróò, torí òjé máa ń wà nínú ẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ohun kan náà tó pa àwọn ọmọ ní Zamfara ní 2010 níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà. Mi ò sọ ọ́ fún un bí ẹni ń bá a wí, ọkọ mi ló kúnlẹ̀ bá ìyá ẹ̀ sọ ọ́, ó sì gbọ́.

Nánì tàbí ọmọ ọ̀dọ̀

Àwọn ló ń tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní Àbújá, bá a tiẹ̀ ń díbọ́n pé àwa ni. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọmọ fún wákàtí mẹ́wàá, tíṣà ẹ̀ nìyẹn, ẹ pè é bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ má pè é. Ohun tó ń dùn mí ni pé a máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fọ fídà, a kì í kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa báyìí, ará Benue ni, Tiv ló ń sọ nílé wọn, Gẹ̀ẹ́sì wa ni òun àti ọmọ ń sọ. Mo jókòó pẹ̀lú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo fi eré tòmátì yẹn hàn án, mo ní kó máa kọ orin èdè ìyá ẹ̀ fún un, inú ẹ̀ dùn torí kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Ọmọ mi ń fi Tiv kọrin báyìí.

Owó oṣù ni, pẹ̀lú oúnjẹ àti ibùsùn tó bá ń gbé nínú ilé. Ní ti ìfọkàntán, kò dájú: ó lè lọ ṣe Kérésì nílé wọn, kó má padà mọ́, ọmọ á sì ṣọ̀fọ̀ ẹ̀, ẹ má fojú kéré ìyẹn. Ẹ sanwó lásìkò, ẹ má gbé ọmọdé wá tọ́ ọmọdé. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọ ni lójú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, òun náà yẹ kó wà ní sùkúù.

Lẹ́sìnnì tíṣà

Ibí ló ń dùn mí jù. Àkọ́bí mi pé ọdún méjì àtoṣù mẹ́rin nígbà tí mo gba tíṣà kan tó ń wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀. Ó kó ìwé wá, ó kó pẹ́ńsù wá, ó ní kí ọmọ kọ A kún ojú ìwé. Ọwọ́ ọmọ ọdún méjì ò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta mo dé láti ibi iṣẹ́ mo bá ọmọ mi lábẹ́ tábìlì, pàṣán wà lórí àga. Mo sanwó ẹ̀, mo ní kó má bọ̀ mọ́. Ọmọ yìí pé márùn-ún kó tó fi tayọ̀tayọ̀ di pẹ́ńsù mú. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, mo mọ ọ̀kan ní Dutse Alhaji tó jẹ́ pé orin, bọ́ọ̀lù àti ìwé àwòrán ló ń gbé wá, ó sì máa ń jẹ́ kí ìyá jókòó tì wọ́n.

Nínú gbogbo ẹ̀, òun ló wọ́n jù tẹ́ ẹ bá pín owó sórí wákàtí, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lọ́sẹ̀ sì kéré sí àádọ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tójú ọmọ fi là. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: "Kí lẹ máa ṣe tí kò bá fẹ́ jókòó?" Tó bá ní òun máa mú un jókòó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ sì sìn ín dé géètì. Tó bá ní òun náà á dìde, ẹ lè máa bá a sọ̀rọ̀ lọ.

Fóònù, táblẹ́ẹ̀tì àti katúùnù

WHO ní kí ọmọ ọdún kan má wò ó rárá, ọmọ ọdún méjì dé mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, kó tiẹ̀ kéré sí i. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá nìkan wà nílé, ọbẹ̀ ń jóná, ọmọ ń ké. Mi ò ní dá yín lẹ́jọ́ lórí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ má kà á sí ẹ̀kọ́. Ọmọ tó ń pe àwọ̀ lórí fóònù, ẹ gbé tòmátì sí i níwájú kẹ́ ẹ bi í pé àwọ̀ wo nìyí, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó wọlé.

Ó dà bí ohun tí kò wọ́n, àmọ́ dátà tí YouTube ń jẹ kì í ṣe kékeré, táblẹ́ẹ̀tì tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti parí, tí iná bá sì lọ, ẹ ó gbọ́ ẹkún. Ibi tó wúlò jù fún àwa tá a jìnnà sílé ni fídíò WhatsApp. Tí màmá bá ń pe ọmọ láti Ìkìrun tó ń bi í pé "kí lo jẹ lónìí?", tọ́mọ dáhùn, ìyẹn kì í ṣe katúùnù, èèyàn ló ń dá a lóhùn. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ la ń ṣe é báyìí.

Ṣáàtì ara ògiri, káàdì àwòrán, tọ́ìsì tí wọ́n ń tà ní Wuse àti nínú gòsílóò: irinṣẹ́ ni wọ́n, wọn ò lè kọ́ ọmọ fúnra wọn. Ẹ ra ìwé àwòrán méjì tí páálí ẹ̀ nípọn, ó tó. Ẹ ṣọ́ra fún tọ́ìsì tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ róbótó bíi ti aago, tọ́mọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ láàárín wákàtí méjì, ọsibítù lẹ ó gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ìyá tó parapọ̀

Àwa ìyá mẹ́rin nínú ìlà ilé wa bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́dún tó kọjá. Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ilé ọ̀kan la máa ń lò, á yí kiri. Ọ̀kan Háúsá, ọ̀kan Ígbò, Yorùbá méjì. Bojúbojú, iyanrìn, bọ́ọ̀lù, orin. Àwọn ọmọ ń jà, wọ́n ń já nǹkan gbà, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa sọ pé "fún mi" dípò kí wọ́n gbá ẹnì kejì létí. Èyí ni kò sí nínú gbogbo tó kù, kódà màmá ò lè fún un. Lóṣù kan a gbé wọn lọ sí Millennium Park ní Maitama, koríko ibẹ̀ tó kí wọ́n sáré títí wọ́n á fi rẹ̀.

Owó ẹ̀ ò ju bísíkíìtì àti omi lọ. Ibi tó ti ń já ni pé èèyàn máa ń rẹ̀, ẹnì kan á pa á jẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó ti túká. Òfin tiwa méjì péré ni: tí kò bá jẹ́ pé o ń ṣàìsàn lóòótọ́, o ò gbọ́dọ̀ fagi lé e, tọ́mọ bá sì ní ibà, Àpólò tàbí nǹkan sísú lára, kó dúró sílé.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tẹ́ ẹ bá wà nílé ní ọ̀sán, tẹ́ ẹ ń ránṣọ tàbí ẹ ń tajà níwájú ilé, ẹ má náwó lórí tíṣà. Ẹ fi iṣẹ́ ilé kọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá ìyá méjì tàbí mẹ́ta mọ́ra fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Tẹ́yin méjèèjì bá ń jáde ní ìdájí, tí màmá sì lera, tó fẹ́ wá fúnra ẹ̀, ẹ gbé màmá wá fún oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ gba ẹnì kan tó máa bá a ṣiṣẹ́ kó má di pé òun ló ń fọ aṣọ. Tí kò bá lè wá, nánì tó ti dàgbà, kẹ́ ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti kọ́ ọ, kẹ́ ẹ fún un ní owó tó dára ju èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fún tíṣà. Ibẹ̀ ni kí owó lọ.

Lẹ́sìnnì tíṣà, ó di ìgbà tọ́mọ bá pé mẹ́ta kọjá, tí ìdí pàtó sì wà, bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti ibòmíì tí ọmọ ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sùkúù rárá. Fóònù, fún ìpè sí màmá.

Ẹgbẹ́ kan wà tí gbogbo èyí ò tíì kàn: ọmọ tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tẹ́ ẹ pè é látẹ̀yìn tí kò yíjú, tàbí tó ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá pàdánù ẹ̀. Ẹ má gba tíṣà, ẹ má dúró pé bàbá ẹ̀ náà pẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, pàápàá tó bá ní ibà pọ́njú tó le nígbà tó jẹ́ jòjòló, tàbí tí lọ́rùnlọ́rùn, CSM tó máa ń jà lókè níbí nígbà ooru, ti ṣe é rí.

Àbúrò mi ti bá màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n máa dé lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ìyàwó ẹ̀ sì ti bá aládùúgbò wọn tọ́mọ ẹ̀ ń ka ABC yẹn sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì máa bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọmọ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ó ní kí n fi orúkọ àwọn eré náà ránṣẹ́ sóun. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ ra tòmátì.